Ẹkún Tí Mo Sun Lé Alààyè Lórí

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bẹ́ẹ̀ ni màmá mi fi kọ́ mi kí n tó mọ ìwé kankan kà. Ó ní ẹni tó bá sunkún títí tí kò ríran mọ́, ìbànújẹ́ rẹ̀ ti di ọ̀lẹ. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹkún ni mo fẹ́ sọ, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ má retí kí n tọrọ àforíjì fún ìbínú náà. Mo ti gbé e lọ síwájú Ọlọ́run lórí eékún mi, kò tíì gbà á lọ́wọ́ mi.

Namarome ni orúkọ mi. Ìyàwó ilé ni mí ní Bunakhayo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Masaba. Ní abúlé wa, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ, àgbàlá aládùúgbò rẹ nísàlẹ̀ lo ti máa lọ wá a. Orí òkè ni kọfí wa wà, orí òkè ni ibojì àwọn baba àwọn ọkọ wa wà. Àwọn tó ń béèrè pé kí ló dé tí a kò kó kúrò níbẹ̀, ẹ bá mi bi wọ́n pé ilẹ̀ ta ni kí a kó lọ.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ilẹ̀ sán lókè ilé Kakai. Kakai ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tó tẹ̀lé mi fẹ́ ọkọ sí Bunakhayo. Ojú sísán náà gba àárín oko kọfí kọjá bí ẹni fi àdá fa ìlà sí i, ẹsẹ̀ ọmọdé sì lè wọ inú rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn ará ọ́fíìsì kan wá láti ìlú ńlá, wọ́n ní kí àwa fúnra wa dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí a máa ṣọ́ òkè wa. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. A kan èèkàn kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú sísán náà, a so okùn mọ́ wọn, kí a lè mọ̀ bí ilẹ̀ bá tún ń rìn. A gbẹ́ gọ́tà tí yóò máa darí omi òjò gba ibòmíràn. A kọ orúkọ gbogbo ilé sílẹ̀, arúgbó, aboyún, abirùn. A fẹnu kò pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, pápá ilé ẹ̀kọ́ ni gbogbo wa yóò sá lọ, nítorí àpáta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ike onílà kan sí àgbàlá mi láti máa wọn òjò, èmi ni mo ń kà á ní àràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wa ní fèrè méjìlá, fèrè oníke pupa, tí orúkọ ọ́fíìsì wọn wà lára rẹ̀. Wọ́n ní bí omi bá dé ìlà pupa nínú ike, kí a fọn ọ́n gbọọrọ ní ìgbà mẹ́ta, kí a sì máa lu kẹ́ẹ̀gì, kí gbogbo ilé sá. Fóònù? Lọ́dọ̀ tiwa, bí òjò bá ti ṣú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń kọ́kọ́ sá lọ.

Ibi tí ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún tí kò sí ìkọlà ni wọ́n wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì-méjì la ń kọ ọmọkùnrin nílà. Bí ọdún rẹ̀ bá pé, àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ kọ á so ṣaworo mọ́ itan, wọ́n á máa jó láti ilé ẹ̀gbọ́n dé ilé ẹbí ìyá, àwọn èrò lẹ́yìn wọn. Kí ni àwọn èrò náà ń fọn? Fèrè. Kí ni àwọn ọmọdé ń lù tẹ̀ lé wọn? Kẹ́ẹ̀gì. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin, àárọ̀ dé alẹ́. Àwọn àlejò ò mọ̀. Àwa ńkọ́? Nínú ọdún tó dákẹ́ rọ́rọ́ la jókòó yan ariwo tí yóò gbà wá là, àwa tí wọ́n bí sínú ariwo ìkọlà, a sì ń mi orí bí alángbá. Èmi náà mi orí.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún ìkọlà, mo dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní ìloro Wepukhulu. Òun ni alága wa, ọkùnrin gíga kan tó máa ń fi pẹ́ẹ̀nì mẹ́ta sápò àyà, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan péré ló ń kọ̀wé níbẹ̀.

Mo ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ fèrè yìí ni. Oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn ọmọ máa bẹ̀rẹ̀ ijó. Bí mo bá fọn fèrè, ta ló máa mọ̀ pé òkè ló ń bọ̀?"

Wepukhulu ní, "Tiwa gùn. Tiwọn kúrú."

"Ẹni tó wà lóko, ṣé ó máa wá okùn tó máa fi wọn gígùn rẹ̀ ni?"

Muyobo bú sẹ́rìn-ín. Muyobo ni aláwàdà abúlé wa, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti Kakai. Ó ní, "Alága, ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí sọ̀rọ̀. Lọ́dún ìkọlà tó kọjá, mo fọn fèrè lé ewúrẹ́ tó ń jẹ ẹ̀wà mi lóko. Kí n tó délé, Nasambu ìyàwó mi ti gbé ọtí síta fún àlejò. Mo mu ún, ewúrẹ́ jẹ ẹ̀wà."

Gbogbo ìloro rẹ́rìn-ín. Wepukhulu kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó wà nínú ìwé. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ lé e. Bí a bá yí i padà, wọ́n á ní àwa ará Bunakhayo ò lè gba ẹ̀kọ́, wọ́n á gbé ike òjò wọn lọ sí abúlé mìíràn."

"Kí wọ́n máa gbé e lọ. Ìyá mi ti mọ òjò ńlá yàtọ̀ sí kékeré kí wọ́n tó rọ ike."

"Ó dáa, ìyàwó ọlọ́gbọ́n. Kí lo fẹ́ ká fi rọ́pò rẹ̀?"

Mo ti rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó wá. Mo ní, "Ẹkún òkú."

Ẹ̀rín kú. Ẹkún òkú ni ohùn kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kì í fi ṣeré lọ́dọ̀ wa. Obìnrin ló ń gbé e, á sì pe orúkọ ẹni tó lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, ọkọ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á sáré wá síbi tí ohùn náà ti ń wá. Kódà lọ́dún ìkọlà, àwọn oníjó á di ṣaworo wọn mú kó má dún.

Wepukhulu ní, "Lórí ta lo fẹ́ sun ún? Ẹkún òkú kì í rìn láìlórúkọ. Obìnrin tó bá pe alààyè mọ́ ẹkún, ó ti gbẹ́ ibojì rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún tí ọmọ fẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ìwọ ń pe ikú. Jókòó, ìyàwó. Ìyá rẹ ò kọ́ ẹ."

Mo jókòó. Ìyá mi kọ́ mi. Ó kọ́ mi dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jókòó nígbà tí àgbà ní kí n jókòó. Ilé tí wọ́n fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo wí bẹ́ẹ̀ nínú ara mi, mo sì lọ sílé lọ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Oṣù kẹjọ dé. Kakai bí ọkùnrin ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kò sì sinmi. Ọkọ Kakai kò sí nílé, ó ń bá àbúrò rẹ̀ tó fẹ́ kọlà jó kiri ilé ẹbí. Ọkọ tèmi ń wa ọkọ̀ ní ìlú Mbale. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, omi inú ike ti kọjá ìlà pupa. Mo dà á nù, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, bó bá jẹ́ pé oòrùn wà, ó ti tún kún. Mo gun òkè lọ wo ojú sísán. Okùn ti já. Èèkàn kan ti dùbúlẹ̀ bí ọ̀mùtí. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ìsun tó wà lẹ́bàá ilé Kakai, ibi tí a ti ń pọnmi láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ọkọ, ìsun tí kì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti gbẹ. Òjò ń rọ̀ lé mi lórí, ìsun sì gbẹ. Omi náà ti rí ibòmíràn sá pamọ́ sí nínú òkè, gbogbo ara mi sì mọ ibi tó wà.

Mo sáré lọ bá Wepukhulu. Ìloro Muyobo ni mo ti bá a, àwọn méjèèjì nìkan, wọ́n ti igi ìfamu gígùn bọ ìkòkò ọtí jéró.

Mo ní, "Alága, okùn ti já. Ìsun ti gbẹ. Ẹ dìde ká kó àwọn èèyàn."

Kò yọ igi lẹ́nu. Ó ní, "Fọn fèrè. Ṣebí ìwọ náà ní ọ̀kan."

"Ẹ̀yin náà ò gbọ́ nǹkan tó ń bọ̀ lọ́nà yẹn?"

Àwọn oníjó ìkọlà ń gòkè bọ̀, fèrè bí ogún, kẹ́ẹ̀gì, ṣaworo.

"Jẹ́ kí wọ́n kọjá, kó o wá fọn ọ́n. Àwọn àlejò ọ́fíìsì ń bọ̀ lọ́la wá wo bá a ṣe ń lò ó. N kò fẹ́ kó dà bíi pé à ń fọn ọ́n kiri láìnídìí."

Muyobo ní, "Namarome, jókòó, fa díẹ̀, òtútù mú ẹ. Òkè yìí ti ń kùn mọ́ wa látayé bàbá mi, kò tíì gbá ẹnikẹ́ni létí."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tuntun kan wà níbi tí kò jìnnà ju ìdajì ìsọ̀kò lọ sí ìkòkò ọtí yẹn, ọmọ ọjọ́ márùn-ún, òkè sì dúró lé e lórí.

Mo fọn fèrè. Mo fọn ọ́n gbọọrọ ní ìgbà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí. Mo tún fọn ọ́n. Àwọn obìnrin jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ké igbe ayọ̀ fún mi. Àwọn ọmọdé bá mi lu kẹ́ẹ̀gì, wọ́n sì lù ú dáadáa jù mí lọ. Ìyá arúgbó kan gbé igbá ìyẹ̀fun jéró jáde, ó fi kùn mí níwájú orí, ó bi mí pé èwo nínú àwọn ọmọ náà ni tèmi. Mo ń pariwo pé, "Òkè, òkè ń bọ̀." Àwọn ọ̀dọ́kùnrin gbà á lẹ́nu mi, wọ́n sọ ọ́ di oríkì:

"Òkè Masaba, a-fi-ìkúukùu-bora,
baba tó bí ẹni tó mú ọ̀bẹ,
ọmọ rẹ dúró, kò mira,
ọmọ rẹ wo ọ̀bẹ lójú, kò ṣẹ́jú."

Mo ń kéde ikú, wọ́n ń ki baba rẹ̀. Ojú mi ṣókùnkùn. N kò mọ̀ bóyá ẹ ti bínú rí débi tí ara yín balẹ̀. Ara mi balẹ̀. Mo sọ fèrè náà sínú igbó kọfí, mo gun ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ lọ, ìyẹ̀fun jéró ń ṣàn wọ̀ mí lójú. Mo ń wí lọ́nà pé, Olúwa, dárí jì mí tàbí kí o má dárí jì mí, ṣùgbọ́n dá òkè yẹn dúró títí n ó fi dé pápá ilé ẹ̀kọ́.

Mo dúró sórí àpáta ní etí pápá, mo gbé ọwọ́ lérí, mo sì gbé ẹkún òkú.

"Wepukhulu ti lọ o. Òpó tó gbé ìloro ró ti ṣẹ́.
Ọmọ Masaba, ọ̀gá àwọn alámọ̀ràn,
a-fi-gègé-mẹ́ta-ṣe-ọ̀ṣọ́ àyà,
ó sùn, a pè é, kò dáhùn.
Ẹ̀yin ará Bunakhayo, ẹ wá bá mi gbé e,
èmi nìkan ni mo dúró tì í."

Kí ló dé tó jẹ́ orúkọ rẹ̀? Ẹ lè ní torí pé alága ni, kò sí ilé tí kò ní sáré wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbàdúrà kò gbọdọ̀ fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀: ó dùn mọ́ mi nínú láti pè é ní òkú.

Ṣaworo dákẹ́. Fèrè dákẹ́. Mo gbọ́ bí gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè ṣe dákẹ́, àfi òjò. Lẹ́yìn náà ni ẹkún bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn láti ilé dé ilé, wọ́n sì ń gòkè bọ̀. Àwọn ọkùnrin gbé arúgbó pọ̀n láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nasambu, ìyàwó Muyobo, dé láti ibi tó ti lọ wá igi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ń sunkún gidi, ó ń béèrè pé, "Nígbà wo? Nígbà wo ló ṣubú?" Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ń sunkún, mo sì ń ka orí wọn, ilé kan tẹ̀ lé ilé kan, bó ṣe wà nínú ìwé orúkọ wa.

Gbogbo ilé ìsàlẹ̀ pé. Ó ku Kakai.

Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi ohun tí mo ṣe. Obìnrin tí ìwọ́ ọmọ rẹ̀ kò tíì já kì í lọ síbi òkú. Bó bá gbọ́ ẹkún òkú, ṣe ló máa tilẹ̀kùn, táá fi aṣọ bo ọmọ létí. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Mo ti kó gbogbo abúlé gòkè, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi ti àbúrò mi mọ́lé lábẹ́ òkè.

Mo fi wọ́n sílẹ̀ nídìí ẹkún, wọn kò nílò mi mọ́, mo sì sáré sọ̀ kalẹ̀. Ní ìdajì ọ̀nà ni mo pàdé òkú mi. Wepukhulu ń gòkè bọ̀, igi ìfamu ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi pankẹ́rẹ́.

Ó di apá mi mú. "Ta ló kú? Mo ní ta ló kú, Namarome?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Kakai wà nílé."

"Màá nà ẹ́ níwájú gbogbo abúlé lónìí."

"Ẹ lọ dúró dè mí lókè, ẹ nà mí bí mo bá dé. Muyobo dà?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò tíì bá òkú mu ọtí rí, kí n tètè padà."

Mo já apá mi gbà, èékánná rẹ̀ bó mi lára. Mo dé ilé Kakai. Ó ti fi igi há ilẹ̀kùn.

"Ṣílẹ̀kùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbọ́ ni? Alága kú. Ẹ ti ọ̀dọ̀ òkú bọ̀, ẹ má wọlé tọ ọmọ mi."

"Alága ò kú. Èmi ni mo sun ún. Irọ́ ni."

"Ẹ sunkún lórí alààyè? Ẹ̀yin? Lọ́dún tí àbúrò ọkọ mi fẹ́ kọlà?"

"Bú mi lókè. Kakai, ìsun ti gbẹ. Ṣí ilẹ̀kùn yìí kí n tó fi orí fọ́ ọ."

Ìsun ló gbọ́. Òun náà ń pọnmi níbẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó gbé ọmọ fún mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì lágbára, mo fi èjìká gbé e ró. A kò gba ọ̀nà tààrà, a gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Nígbà tí a kọjá lókè ilé Muyobo, mo kígbe pè é. Ó wà ní ìloro, ó na igi ìfamu rẹ̀ sókè kí mi.

"Namarome, òkú rẹ ti jí, ó ti ń gòkè. Ẹ sin ín dáadáa o."

"Muyobo, jáde. Òkè ló ń bọ̀, kì í ṣe eré."

"Òkè lo kọ́kọ́ sọ, ẹkún tẹ̀ lé e, òkè lo tún sọ báyìí. Kí ló kàn?"

Ọmọ wà lọ́wọ́ mi. Kakai rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn. N kò sọ̀ kalẹ̀ lọ fà á. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀, bí wọ́n bá tún gbé mi dúró síbẹ̀ lónìí, n kò mọ ohun tí n ó ṣe.

A ti ń tẹ àpáta nígbà tó ya. Kò dún bí àrá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Ó dún bí aṣọ tuntun tí wọ́n fa ya. Àwọn igi kọfí dúró ṣánṣán, wọ́n ń rìn, bí èrò tó ń lọ sọ́jà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dojú bolẹ̀. Ilé mẹ́tàdínlógún lọ. Ọ̀kan nínú wọn ní èèyàn nínú.

Ẹkún tó wà ní pápá ilé ẹ̀kọ́ dáwọ́ dúró. Wọ́n wo Wepukhulu tó dúró láàárín wọn, wọ́n wo ibi tí àwọn ilé yẹn wà tẹ́lẹ̀. Nasambu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bi Wepukhulu pé, "Ẹ̀yin àti ọkọ mi lẹ jọ wà. Ibo lẹ fi í sí?" Wepukhulu wo igi ìfamu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n fi ọkọ́ wú Muyobo jáde.

Ọjọ́ kejì ni àwọn ará ọ́fíìsì ti dé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣèlérí, wọ́n tilẹ̀ gbé bàtà òjò dání. Wọ́n ka iye ẹni tó yè, ẹnu yà wọ́n. Wọ́n ní kí Alága dúró síwájú ẹrẹ̀, kó fi fèrè sẹ́nu, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ pé ìlànà fèrè ti ṣiṣẹ́, pé àwọn yóò gbé e lọ sí abúlé mẹ́wàá mìíràn. Mo wo Wepukhulu lójú. Ó ní ẹnu. Fèrè ló fi dí i.

Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, fèrè kọ́. Ẹ wo inú igbó kọfí, bí ẹ bá rí igbó kọfí, ẹ ó rí tèmi níbẹ̀."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ẹni rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó ń sunkún oúnjẹ. Ó bi Wepukhulu pé kí ni obìnrin yìí sọ. Wepukhulu ní, "Ìbànújẹ́ ló ń bá a jà."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn àgbà pè mí. Wọ́n ní mo ti pe alààyè ní òkú lọ́dún ìkọlà, pé kí n mú àgùntàn kan wá láti fi wẹ ilẹ̀ mọ́, àti pé títí n ó fi mú un wá, n kò gbọdọ̀ dé ibi òkú kankan, n kò gbọdọ̀ dé ibi ìkọlà kankan. Mo bi wọ́n pé mélòó nínú wọn ni yóò wà níjókòó dá mi lẹ́jọ́ bí n kò bá pè é ní òkú. Wọ́n ní ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn. Mo bi Wepukhulu pé ṣé ó ti sọ fún ọ́fíìsì pé kí wọ́n má gbé fèrè lọ sí abúlé mẹ́wàá lọ́dún ìkọlà? Ó ní òun máa kọ lẹ́tà. Mo ní, "Pẹ́ẹ̀nì mẹ́ta lẹ ní, Alága. Ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá." Wọ́n ní kí n jókòó. Lọ́jọ́ yẹn n kò jókòó. Mo lọ sílé bí mo ṣe wà lórí ìdúró.

Nítorí náà n kò sí níbi ìsìnkú Muyobo. Mo wà ní àgbàlá mi tí ẹrẹ̀ kò dé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike òjò, mo ń gbàdúrà, àdúrà náà ń yí padà di èébú lẹ́nu mi, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó má ka èyí tó bá bọ́.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú, Nasambu wọ àgbàlá mi. Ọ̀já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tí àwọn opó máa ń dì wà ní ìbàdí rẹ̀. Mo dìde, mo rò pé ó wá gbá mi lójú ni, mo sì ti pinnu pé n kò ní gbé ọwọ́ sókè. Kò gbá mi. Ó dúró, ó wo ilẹ̀.

Mo ní, "Nasambu, mo pè é. Mo dúró lókè, mo pè é."

"Kakai ti sọ fún mi."

"N kò sọ̀ kalẹ̀."

"Ó sọ ìyẹn náà." Ó di ọ̀já ìbàdí rẹ̀ mú. "Nígbà tí wọ́n gbé e wọ ilẹ̀, mo gbé ẹkún rẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ṣe? Gbogbo wọn gbé ojú sókè wo òkè. Àwọn obìnrin fa ọmọ wọn mọ́ra. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó dáhùn. Èmi nìkan ni mo sun ún, bíi pé àjèjì ni."

Ìbínú tí mo kó jọ fún Wepukhulu, fún ọ́fíìsì, fún àgùntàn wọn, ó wà níbẹ̀ nínú mi, kò sì rí ibi jókòó.

Nasambu gbé ojú sókè. Ó ní, "O sunkún ẹni tí kò kú, gbogbo ayé gbọ́. Tèmi kú. Má dá àwọn àgbà lóhùn, Namarome. Wọ aṣọ rẹ, wá bá mi sunkún ọkọ mi."